curl látìgbà 8.4.0: ohun tójú mi rí pẹ̀lú --limit-rate

Ẹ má bínú pé ó gùn o. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi curl, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan téèyàn ń tẹ àṣẹ sí láti fi fa nǹkan látorí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé fáìlì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fa àwọn ètò rédíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ látorí server wá sórí kọ̀ǹpútà wa n'Íbàdàn, òmíì nínú ẹ̀ ń lọ sí 700MB, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe rí. Fáìlì á kù díẹ̀ kó parí, NEPA á mú iná lọ, router á kú fin-ín. Ẹni tó ń fi bráwúsà fà á lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, èmi á kàn fi -C - sí i, curl á wo ibi tó dé, á máa bá tiẹ̀ lọ. Torí ìyẹn nìkan, mi ò lè já a jù sílẹ̀.

Èkejì ni --limit-rate, tó ń dín bí curl ṣe ń yára fa fáìlì kù. Íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì ń lò, tí mo bá jẹ́ kí curl máa fà á bó ṣe wù ú, ọ̀gá wa á ní Zoom àwọn ò lọ mọ́. Mo bá fi 50k (50 kilobytes ní sẹ́kọ́ńdì kan) dè é, fáìlì 700MB á wá gbà tó wákàtí mẹ́rin, kò burú, mo ní iṣẹ́ mìíì tí mò ń ṣe. Ẹ fi 50k yẹn sọ́kàn o.

Ní October 2023, Daniel Stenberg, ará Sweden tó gbé curl jáde ní 1998, kéde pé òun máa mú update wá ṣáájú ọjọ́ tó yẹ, pé àléébù kan wà níbẹ̀ tó burú ju èyí táwọn ti rí látọjọ́ pípẹ́. Kò sọ ojú ibi tó wà, káwọn olè má baà débẹ̀ kí àtúnṣe tó dé. Nígbà tó di October 11, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ tiwa, ẹ̀dà tuntun náà, 8.4.0, jáde, mo jókòó ka àlàyé ẹ̀, àyà mi là gààràgà.

Bó ṣe rí nìyí. Téèyàn bá ń gba SOCKS5 proxy kọjá (ìyẹn server alágbàtà tó ń báni gbé ọ̀rọ̀ lọ sí site tó ń báni gbé e bọ̀), ó lè ní kí proxy yẹn bá òun wá àdírẹ́sì site tóun ń lọ, àmọ́ orúkọ site náà ò gbọ́dọ̀ ju 255 bytes lọ, ìyẹn bíi lẹ́tà 255. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ńṣe ló yẹ kí curl wá a fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí proxy bá ń falẹ̀ kó tó dáhùn, curl á ti gbàgbé ohun tó pinnu, á wá da orúkọ gígùn gbọọrọ yẹn sínú àyè tí ò gbà á, bí ìgbà téèyàn da gàrí kóńgò mẹ́ta sínú abọ́ kan, èyí tó bá ṣẹ́kù á ya bo nǹkan mìíì tó wà nínú mẹ́mórì. Ibẹ̀ lolè ti lè rọ́nà wọlé. Látorí 8.4.0, orúkọ tó bá gùn jù, curl á kọ̀ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n tún ní curl táwa ń tẹ̀ sí terminal, ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ, ò níṣòro, torí àyè tó máa ń lò tó 100kB, àfi tí èèyàn bá fi --limit-rate dè é tí ò fi tó 65541 bytes ní sẹ́kọ́ńdì kan. Háà! Èmi rèé pẹ̀lú 50k mi! Proxy ńkọ́? SOCKS5 kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni, socks5h ni mo sì fi ń pè é, èyí tó ń ní kí proxy fúnra ẹ̀ wá àdírẹ́sì site, torí àdírẹ́sì tiẹ̀ nìkan ni server yẹn ń gbà wọlé, ó sì ń wọ́ bí ìgbín. Mo tún ní -L níbẹ̀, ìyẹn ni pé ibi tí server bá ní kí curl yà sí ló máa yà sí, ibẹ̀ gan-an lọlọ́ṣà sì ti lè na orúkọ gígùn yẹn sí i. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ pátá ló bá mi mu, àfi bíi pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Ubuntu 20.04 (irú Linux kan) ló wà lórí ẹ̀, curl tiẹ̀ jẹ́ 7.68.0, àléébù yìí sì bẹ̀rẹ̀ látorí 7.69.0. Bàbá arúgbó yọ! Láptọ́ọ̀pù mi tó jẹ́ 22.04, tó ní 7.81.0, òun ló kó sí i. Mo ṣe apt upgrade, àṣẹ tó ń mú àtúnṣe wọlé, mo tẹ curl --version, 7.81.0 náà ni mo tún rí. Mo tún un ṣe, òun náà ni. Ó tó wákàtí kan kó tó yé mi pé Ubuntu kì í pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn, àtúnṣe nìkan ni wọ́n yọ látinú tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, àfi kéèyàn lọ ka changelog, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n tún ṣe, kó tó lè rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é báyìí, ẹ̀ ń dá wa lágara jàre.

Ẹ̀gbọ́n kan lọ́fíìsì ní tiẹ̀ ń lo Windows, ló bá fẹ́ pa curl.exe, ìyẹn curl tó bá Windows wá, rẹ́ nínú System32, fódà Windows fúnra ẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, Stenberg fúnra ẹ̀ ti pariwo ọ̀rọ̀ yẹn ní April ọdún náà, àwọn tó pa á rẹ́ ni Windows Update kọ̀ fún. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n fi sílẹ̀ títí update November fi gbé 8.4.0 wá.

Ohun tó mú kí n ṣì wà pẹ̀lú curl ni bí bàbá yẹn ṣe sọ̀rọ̀. Kò di ẹ̀bi ru ẹnì kankan. Ó ní òun lòun kọ ọ́ ní 2020, nígbà tóun ń tún apá ibẹ̀ kọ kó má baà máa dúró de proxy, pé tóun bá wò ó báyìí, kò síbi tóun ò ti ní rí àṣìṣe náà, ó sì tún gbà pé ká ní kì í ṣe C, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lòun fi kọ ọ́ ni, irú ẹ̀ lè má ṣẹlẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́ta ààbọ̀ tó fi wà níbẹ̀ o! Jay Satiro tó rí i gba 4,660 dọ́là. Ẹ bá mi wá ilé iṣẹ́ ńlá tó máa jẹ́wọ́ báyẹn.

Mi ò ní fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún ṣá, mẹ́rin ni. Lọ́jọ́ kan, curl ní òun ti gbé fáìlì mp3 kan dé, kò sí error, kò sí nǹkan kan, mo bá fi ránṣẹ́ sí atọ́kùn ètò. Wọ́n pè mí padà pé kò dún. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò tó 1kB, mo ṣí i, "404 Not Found" ló wà nínú ẹ̀. -f ló ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀, mo ti mọ̀ báyìí, àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ fún mi pé kò rí fáìlì?