Igi iwájú tuntun fún SMLE No. 1 Mk III*: igi náà dára, ṣùgbọ́n irọ́ ni pé kò gba gígé

"Ẹ ṣáà gbé e wọ̀ ọ́, kí ẹ fún ìdè rẹ̀ le, ó tán."

Ohun tí òṣìṣẹ́ ilé ìtajà tó gbé fóònù sọ nìyẹn nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí igi iwájú (igi tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn) tí wọ́n tà fún mi fi ń mì lára SMLE mi, ìbọn àtijọ́ ti ológun Gẹ̀ẹ́sì. Mo tún bi í: ṣé wọ́n ti gé draws rẹ̀ (ojú igi tó ń fara ti irin) kó bá irin mu? Ó ní, "Sà, igi wa kò gba gígé rárá, a ti kọ ọ́ síbẹ̀." Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn yẹn, tó sì lọ yin ìbọn náà, igi tó fowó gidi rà máa là ni. Ohun tó bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹni tó bá ní SMLE mọ ohun tó ní, ẹ jẹ́ ká fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Draws ni ojú igi méjì, lọ́tùn-ún àti lósì, lẹ́yìn ihò tí àpótí ọta ń wọ̀. Bí ìbọn bá dún, irin á sáré padà sẹ́yìn, ojú méjèèjì yìí ló yẹ kó gba agbára náà, kí wọ́n sì gbà á dọ́gba. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, ìdè iwájú (skúrù tó di igi mọ́ irin) àti igi tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ló máa jìyà rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Lithgow ní Australia ń lo igi coachwood, páànù bàbà ni wọ́n fi bo ibẹ̀. Ibi tí ológun ń dáàbò bò tó báyẹn kì í ṣe ibi tí a ń fi "ẹ ṣáà gbé e wọ̀ ọ́" dáhùn.

Nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, apá òsì kan irin, apá ọ̀tún kò kàn án. Bébà ń kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Bùṣì irin (páìpù kékeré) tó yẹ kó wà nínú ihò ìdè iwájú kò sí nínú páálí. Láìsí bùṣì yìí, bí ẹ bá ṣe ń fún ìdè náà ni ẹ ń fọ́ igi. Ìdè á dẹ̀, ẹ ó tún fún un, igi á tún wọlé sí i.

Mo ní kí òṣìṣẹ́ yẹn fún mi ní ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìbọn ṣe. Ó dá mi dúró, ó já fóònù mọ́ mi létí. Mo tún pè.

Bàbá kan ló gbé e. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ìdè ìdí ìbọn, àbí?" Inú mi rọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó mọ̀ nìkan ló ń bèèrè èyí. Ẹnu ìdè gígùn tó di ìdí ìbọn mú ní igun mẹ́rin, inú irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn igi iwájú ló sì ń wọ̀. Bí ẹ bá yí i láìtíì tú igi iwájú kúrò, ẹ ti la igi náà nìyẹn.

Wọ́n ní kí n fi dúdú èéfín àtùpà pa irin, kí n tẹ igi mọ́ ọn, kí n wo ibi tó bá dúdú, kí n fá ibẹ̀ nìkan, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Apá tó ní àlàfo, kí n fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ igi líle mọ́ ọn, kí orí iṣan igi náà kọjú sí irin, torí bí ẹ̀gbẹ́ iṣan bá kọjú sí i, á tẹ̀ wọlé kíákíá. Ó pé nígbà tí ẹ bá ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kó tó wọlé, tí kò sì já bọ́ láìtíì sí ìdè kankan. Bùṣì dé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ ra bóòtù ìbọn míì (irin tó ń ti ọta wọlé, tó sì ń dí ìdí rẹ̀), bàbá kọ̀: wọ́n ní bóòtù tí a kò fi géèjì wọ̀n, kí àyè láàárín ojú rẹ̀ àti ìdí ọ̀pá ìbọn wà láàárín .064 sí .074 íǹṣì, kì í ṣe nǹkan tí à ń fi ránṣẹ́ lásán.

Igi fúnra rẹ̀? Walnut gidi, ó gbẹ, iṣan rẹ̀ tọ́ lẹ́yìn níbi tó ti ṣe pàtàkì jù. Agolo fáníìṣì tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn ni kí ẹ gbé sọ́tọ̀. Linseed oil tútù, tí wọn kò sè, ni ológun ń lò nígbà ayé ìbọn yìí: ẹ fi ọwọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nù ún, kó gbẹ kí ẹ tó tún un pa. Àkísà tí ẹ fi nù ún, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta gbẹrẹgẹdẹ. Bí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, wọn kò tíì pa "kò gba gígé" rẹ́, ó sì ń dùn mí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní bàbá tó ń tún ìbọn ṣe.