Django àti fáìlì tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí sáfà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ ìkànnì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ìwé-ẹ̀rí àti àwòrán pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ yóò mọ̀ pé ibi tí fáìlì ń gbà wọlé ni ewu pọ̀ sí jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé ẹrù àjèjì ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì náà, ń gbà sílé. Nínú àwọn irinṣẹ́ tí mo ti lò fún iṣẹ́ yìí, Django, tí wọ́n fi èdè Python kọ, tó sì jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2005, ni mo gbà pé ó dára jù. Ó mọ fáìlì gbà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò inú fáìlì náà kù sọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Bí fọ́ọ̀mù bá ti wọlé, inú request.FILES, àkójọ tí Django ń kó fáìlì sí, ni a ó ti bá àwọn fáìlì, bí a kò bá ti gbàgbé láti kọ multipart/form-data, àmì tó ń jẹ́ kí fọ́ọ̀mù lè gbé fáìlì, sára fọ́ọ̀mù náà. Fáìlì tí kò bá ju 2.5 MB lọ yóò wà nínú RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni Django yóò máa kọ ọ́ sórí dísíìkì, nínú fódà /tmp bó bá jẹ́ Linux ni sáfà ń lò. Ọgbọ́n ńlá nìyí, nítorí pé bó bá jẹ́ RAM ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ ni, ènìyàn díẹ̀ tó bá fi fídíò ńlá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lè dá sáfà kékeré dúró. Nígbà tí a bá sì fẹ́ gbé e lọ síbi tí yóò wà títí, chunks(), àṣẹ Django tó ń pín fáìlì sí wẹ́wẹ́, yóò máa bù ú ní 64 KB, 64 KB.

Wọ́n ro ti orúkọ fáìlì náà dáadáa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá pe ìwé-ẹ̀rí wọn ní waec.pdf, ti ẹnì kejì kò ní pa ti ẹni àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí pé Django yóò fi lẹ́tà tàbí nọ́ńbà méje kún orúkọ rẹ̀. Àṣẹ move_uploaded_file ti PHP, èdè kóòdù mìíràn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí orúkọ bá ti bára mu, yóò kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìbéèrè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ètò Django tó ń jẹ́ FILE_UPLOAD_MAX_MEMORY_SIZE. Wọ́n rò pé òun ló ń dá fáìlì ńlá padà, bẹ́ẹ̀ ibi tí RAM parí sí tí dísíìkì ti bẹ̀rẹ̀ lásán ló ń sọ. Ẹ fúnra yín lẹ ó kọ òfin ìwọ̀n fáìlì. Bí nginx, ètò tó ń gba ìbéèrè àwọn ènìyàn wọlé, bá wà níwájú Django, òun náà ní òfin tirẹ̀: 1 MB ni client_max_body_size rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó lè gbà jù, bí a kò bá yí i padà, àṣìṣe 413 (ohun tí a fi ránṣẹ́ tóbi jù) sì ni ẹni tó bá kọjá rẹ̀ yóò rí, kí Django tó gbọ́ ohunkóhun.

Bákan náà ni ImageField, ààyè tí Django ní fún àwòrán. Ó ń fi Pillow, àkójọ kóòdù Python fún àwòrán, yẹ àwòrán wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe Django fúnra wọn kìlọ̀ pé fáìlì HTML, ìyẹn ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù, tí wọ́n bá lẹ ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì àwòrán PNG mọ́ lórí lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi rọ̀ yín pé kí ẹ gbé àwọn fáìlì tí ará ìta fi ránṣẹ́ sórí orúkọ ìkànnì mìíràn, kí ẹ má sì gba irú fáìlì tí ẹ kò nílò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí ẹ bá pa àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́ nínú ibi ìpamọ́ dátà, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ yóò ṣì wà lórí dísíìkì, nítorí pé láti ẹ̀dà 1.3 ni Django kò ti pa fáìlì rẹ́ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ mọ́. Ìwé ẹlòmíràn ni, ẹni náà sì lè ti rò pé ó ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ fi post_delete, àmì tí Django ń rán lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ bá ti parẹ́, kọ kóòdù tí yóò pa á rẹ́, kí ẹ sì ṣe é kí ìkànnì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìlì rárá.