Igi Ìgbálẹ̀ àbí Páálí?

Ní Kubwa níbí, l'Ábùjá, àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa máa ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Sátidé. Nǹkan méjì ni mo fi ń kọ́ wọn: igi ìgbálẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tútù, àti páálí fẹ́lẹ́ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì.

Igi ìgbálẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gé mẹ́ta, ẹ ki orí wọn bọ inú amọ̀ kéékèèké: onígun mẹ́ta dé nìyẹn. Kí ọmọ fi ìka tì í, kò ní yẹ̀. Ẹ wá fi igi mẹ́rin tó gùn dọ́gba ṣe onígun mẹ́rin. Bó bá ti tì í báyìí, ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Ẹ fi igi kan tó gùn jù wọ́n lọ dábùú rẹ̀ láti igun dé igun, ó dúró gbọin. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí ọmọ kan pariwo pé, "Àǹtí, bí káfíńtà ṣe ń ṣe òrùlé nìyẹn!"

Lásìkò ọyẹ́, amọ̀ tètè máa ń gbẹ, ó sì ń sán. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó.

Páálí ló borí tó bá kan róbótó, torí igi ìgbálẹ̀ kì í tẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ìdérí ìkòkò ya á, ẹ gé e. Òun náà ló dára fún igun: ẹ ya igun mẹ́ta onígun mẹ́ta kúrò, ẹ tò wọ́n pọ̀ kí ṣóńṣó wọn kanra, wọn á di ìlà tó tọ́, dìgírì 180.

Àmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi.