Ẹ ṣọ́ra fún jákẹ́ẹ̀tì "awọ báísìn" tí wọ́n ń tà ní Ifẹ̀

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gun máṣíìnì nínú ọyẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún òkè òkun, ẹ má tíì sanwó jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp pé awọ báísìn, ìyẹn ẹfọ̀n Amẹ́ríkà, ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe awọ rárá, aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà kùn lójú ni. Èyí tó sàn díẹ̀ ni awọ màlúù tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àmì sí lára, tàbí awọ ẹfọ̀n odò láti Íńdíà. Awọ gidi ni ìyẹn, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n gba owó báísìn lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà gan-an, jákẹ́ẹ̀tì báísìn tuntun sábà máa ń lé ní dọ́là 400. Ẹni tó ní òun fẹ́ tà á fún yín ní ₦30,000 ní Sábó, níbo ni èrè tirẹ̀ wà?

Ojú awọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Báísìn nípọn, ó sábà máa ń tó mílímítà 1.2 sí 1.4, ojú rẹ̀ sì rí kókó-kókó, kókó kan tóbi, òmíràn kéré. Bí kókó àti ìlà kan náà bá ń padà wá létòlétò láyà àti lẹ́yìn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: awọ gidi á hunjọ wẹ́wẹ́ yí ìka ká, rọ́bà á kàn jìn kòtò ni.

Inú ni àṣírí wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán láínìn pa yíká. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ tú bí íǹṣì 2 nísàlẹ̀ láínìn, kò ní pẹ́ rán padà. Bí ẹ bá rí òwú híhun lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ̀yìn awọ máa ń ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí kò lójú híhun. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó o, torí wọ́n tún máa ń lẹ rọ́bà mọ́ abala ìsàlẹ̀ awọ tí kò lágbára. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n gé: rọ́bà yẹn á dá dúró lókè bí ọ̀rá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣáná sí i láti fi dá yín lójú, ẹ má gbà. Lóòótọ́ ni awọ gidi máa ń rùn bí irun tó jóná, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rún awọ àti gọ́ọ̀mù ṣe náà máa ń rùn bẹ́ẹ̀. "Genuine Leather" (awọ gidi) tó wà lọ́rùn àti "YKK" (orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe síìpù) ara síìpù, ohunkóhun ni wọ́n lè tẹ̀ wọ́n sí.

Jákẹ́ẹ̀tì rọ́bà máa ń tan èèyàn jẹ, torí tuntun rẹ̀ máa ń dán. Ooru àti ọ̀rinrin ìgbà òjò ló ń ba rọ́bà náà jẹ́. Á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, lẹ́yìn náà á máa bó láti ọrùn àti abíyá, níbi tí òógùn ti pọ̀. Kò sí àtúnṣe. Tó bá jẹ́ òkìrìkà, wọ́n lè ti fi pólíìṣì bàtà bo ibi tó bó, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nu abẹ́ kọ́là kí ẹ tó dúnàádúrà.

Ẹni tó bá ní kí ẹ san ìdajì kí òun tó fi ránṣẹ́ sí gáréèjì, ẹ ní kó ṣe fídíò lọ́sàn-án, kó ká ìsàlẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì sókè, kó fi bébà tó ní orúkọ yín àti déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ má fowó ránṣẹ́.