Imú tí a lu kò jinná: ká yọ òrùka rẹ̀, àbí ká fi í sílẹ̀?

Àwọn ọmọge Bódìjà àti Dùgbẹ̀ ń bèèrè èyí ṣáá. Ihò imú máa ń gbà tó oṣù 4 sí 6 kó tó jinná. Kó wú díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ewu.

Fífi í sílẹ̀ kò wọ́nwó: ẹ fi omi dríìpù oníyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kẹ́ ẹ ní sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sípíríìtì kàn án, ó ń pa ẹran tuntun tó ń hù. Yíyọ ọ́ yá, ṣùgbọ́n ihò náà lè dí, kí ọyún há sínú.

Bó bá kàn wú, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń yún yín ṣáá, tí òrùka náà sì jẹ́ góòlù ayédèrú, irin kan tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì ló lè fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fi òrùka onírin títéníọ́ọ̀mù, tí kì í sábà yún ara, pààrọ̀ rẹ̀. Bí ibà bá dé tàbí tí ọyún ń jáde, dókítà ni kó sọ bóyá kẹ́ ẹ yọ ọ́.