“Ọta ni ọta ń jẹ́”: ọta .223 V-Max fún ajáko, àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́ ní Texas, tí coyote, ajáko ilẹ̀ yìí, ń dà láàmú, ẹ fara balẹ̀ kà á. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ọ́. Kì í ṣe ajáko ló bí mi nínú, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń tajà nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan lápá ìwọ̀-oòrùn Houston ni mo ń bá jà.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìbọn fúnra rẹ̀. .223 Remington ni, èyí tí a ń fọwọ́ fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé. Ó ti wà lọ́jà láti 1964, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ń sin ewúrẹ́ ṣáájú mi ló ní kí n rà á, torí kì í gbá èèyàn léjìká, ọta rẹ̀ sì pọ̀ níta. Mo kọ fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹni tó bá ń ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ, wọ́n yẹ orúkọ mi wò lọ́dọ̀ FBI, ó kọjá. Títí débẹ̀, mi ò ní ẹjọ́ kankan.

Ìgbà tí mo bèèrè ọta ni ẹjọ́ dé. Mo ní ajáko ni mo fẹ́ pa, ó ń kó ọmọ ewúrẹ́ mi jẹ, ọta wo ló dáa jù? Ohun tí ọmọ yìí kọ́kọ́ sọ ni pé .223 ti kéré jù, kí n kúkú ra 6.5 Creedmoor, ìbọn tí ọta rẹ̀ tóbi ju èyí lọ, tó wà lórí àtẹ lẹ́yìn òun. Ajáko tí èyí tó tóbi nínú wọn kì í sábà ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ! Nígbà tí mo kọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, torí ó ti gbọ́ bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dún lẹ́nu mi. Ó bi mí bóyá mo ti yìnbọn rí. Èmi tí bàbá mi ń fi ṣakabùlà gbé ìgalà wálé ní Ṣakí, tí mo ti ń bá a ki ẹtù láti kékeré! Mi ò fún un lésì.

Ó tún ní dandan ni kí n gba ìwé àṣẹ ọdẹ kí n tó lè yìnbọn sí ajáko lórí ilẹ̀ ara mi, ó sì tà á fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: ní Texas, kò sí àsìkò tí wọ́n fòfin de pípa ajáko, ẹni tó sì jẹ́ olùgbé ìpínlẹ̀ náà kò nílò ìwé àṣẹ fún ajáko tó ń kọlu ẹran ọ̀sìn, tó fẹ́ kọlù ú, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ú tán.

Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sẹ́yìn láìwo ibi tó nà á sí, ó ju páálí kan sórí káńtà. Mo bi í ṣé irú èyí ló yẹ fún ajáko. “Ọta ni ọta ń jẹ́, ọ̀gá. Gbogbo wọn ló ń pani.” Ó ti padà sídìí fóònù rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán.

Oṣù kejì, lásìkò tí ewúrẹ́ ń bímọ. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń ké bí ehoro tó fara pa sí iwájú, mo lúgọ. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ajáko kan jáde. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kò wá tààrà, ó yí lọ sápá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kó lè gbóòórùn ohun tó ń ké. Ó dúró níwọ̀n ọgọ́rùn-ún yáàdì ó lé díẹ̀. Mo yìnbọn. Ó bà á, mo rí eruku tó sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ajáko náà fò sókè, ó yíjú bu ara rẹ̀ jẹ níhà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé wáyà ààlà aládùúgbò mi, mi ò sì lè kọjá ibẹ̀. Ọta wọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba èkejì jáde, kò ṣe ju ihò tóóró lọ. Ẹran lọ ń joró nínú igbó onígbó. Ọta tó là á kọjá sì kọrí sápá ibi tí màlúù aládùúgbò ń jẹ̀.

Mo gbé páálí náà padà pẹ̀lú rìsíìtì. Onírùngbọ̀n ní àwọn kì í gba ọta padà, ó nàka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo pariwo. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí oníkálùkù ti fi ìbọn sí ìbàdí, mo pariwo.

Ariwo yẹn ló mú Màmá kan jáde láti ẹ̀yìn. Ó á tó ẹni àádọ́rin ọdún, irun rẹ̀ funfun báláú, okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó gba páálí lọ́wọ́ mi, ó yọ ẹyọ ọta kan, ó wo imú rẹ̀ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ó ní kí ni wọ́n kọ sára ìbọn mi. Mo ní .223 Rem. Ojú rẹ̀ yí padà. Èmi kọ́ ló wò, onírùngbọ̀n ló tẹjú mọ́.

5.56 ni wọ́n kọ sára páálí! Ọta ológun, 62 gréènì (gréènì ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó), tí irin wà ní imú rẹ̀. Lójú, òun àti .223 kò yàtọ̀, ó sì máa ń wọlé. Ṣùgbọ́n agbára tó ń tú jáde nínú rẹ̀ ju èyí tí a ṣe ìbọn .223 láti gbà, torí nínú ìbọn .223, ibi tí ọta ti ń kan ìlà inú ọ̀pá ìbọn súnmọ́ ọn jù. Ìbọn 5.56 lè jẹ ọta .223. Ìbọn .223 kò gbọdọ̀ jẹ 5.56. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìbọn yín, ẹ má gbára lé ẹni tó ń tẹ fóònù.

Màmá fa àga fún mi, ó mú bírò, ó ya páálí òfìfo kan tẹ́ sórí káńtà. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí nìyí: “Kí ló wà lẹ́yìn ajáko nígbà tí o bá fẹ́ yìnbọn?” Mo ní màlúù ni, títì sì wà níwájú díẹ̀. Ó mi orí. Ó bi mí bó ṣe máa ń jìnnà tó, bóyá mo fẹ́ ta awọ rẹ̀, bóyá màá tún fi ìbọn kan náà pa ìgalà. Àwọn oníbàárà ń dúró lẹ́yìn mi, kò kà á sí.

Ó kọ oríṣi ìbọn àti ọta wọn sílẹ̀ fún mi. .17 HMR, ọta 17 gréènì: ti ajáko tó wà nítòsí gan-an nìkan ni. .204 Ruger fi 32 gréènì sáré kọjá 4,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ fúyẹ́. .22-250 fi 55 gréènì sáré tó 3,680, ó dára fún ilẹ̀ gbalasa ìwọ̀-oòrùn Texas, àmọ́ ó ń pariwo, ó sì tètè ń jẹ ọ̀pá ìbọn. .243 Winchester ni òun ì bá fún mi bí mo bá fẹ́ pa ìgalà pẹ̀lú: 58 gréènì fún ajáko, 100 gréènì fún ìgalà. “Ṣùgbọ́n .223 tó o ní yìí tó. Ọta tí wọ́n tà fún ọ ni kò dáa.”

Ló bá gbé V-Max 55 gréènì sílẹ̀. Òjé ni, bàbà fẹ́lẹ́ ló bò ó, ike pupa ló wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Bó bá ti bà ẹran, ike yẹn á wọ inú lọ, á la òjé, ọta á fọ́ síbẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ á tán sínú ẹran, kì í sábà jáde lódìkejì. Bó bá sì tàsé, ó máa ń fọ́ sórí ilẹ̀ ju kó ta lọ síbòmíràn. Màmá ṣì mú mi ṣèlérí pé mi ò ní yìnbọn láìsí òkè iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ajáko.

Ẹ̀yin ará, ó ṣiṣẹ́! Ajáko tó tẹ̀lé e kò gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó ṣubú síbi tó dúró sí, ihò kékeré kan níwájú èjìká, kò sí òmíràn. Mo tún awò orí ìbọn tò kí ọta lè bá ibi tí mo fojú sùn gan-an ní 200 yáàdì: ọta ń lọ sókè ní íǹṣì kan ààbọ̀ ní 100, ó ń wálẹ̀ bí íǹṣì méje ní 300. Mo rẹ́rìn-ín padà sílé.

Síbẹ̀, kò pé. Atẹ́gùn máìlì mẹ́wàá ní wákàtí kan láti ẹ̀gbẹ́ á gbé e bí íǹṣì mẹ́rin ní 200 yáàdì. Ẹ má fi yìn ẹlẹ́dẹ̀ igbó, orí egungun èjìká ni yóò fọ́ sí. Ogún péré ló wà nínú páálí, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi.

Owó páálí àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Wọn ò dá a padà. Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ pé òfin ni òfin, kò sì dín kọ́bọ̀ lórí V-Max. Onírùngbọ̀n ṣì wà nídìí káńtà, fóònù lọ́wọ́.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ibẹ̀ náà ni màá ti ra òmíràn. Màmá kì í wá lọ́jọ́ Àìkú àti Ajé, ẹ má lọ lọ́jọ́ méjèèjì yẹn.