Ìkìlọ̀ nípa omi oògùn inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà fún ṣíńkì tó dí

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, àti ẹ̀yin èèyàn wa ní Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra omi oògùn páìpù tí kò ní orúkọ lára, èyí tí wọ́n ń rọ sínú kẹ́ẹ̀gì funfun. ₦18,000 ni ọkùnrin kan gbà lọ́wọ́ mi ní àgbègbè Post Office, tí ó sì búra pé Jámánì ni ọjà òun ti wá.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí ó lò. Ó bu omi náà díẹ̀ sínú ike, ó ju ègé ìkòkò álúmíníọ́mù kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lójú gbogbo wa títí ègé náà fi jẹ tán. Ó wá ní, "Alhájà mi, bí ó bá jẹ irin báyìí, ta ni ọ̀rá ẹran?" Irọ́ burúkú gbáà! Kọ́síìkì sódà lásán ni, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń rà lọ́jà. Sódà máa ń yára jẹ álúmíníọ́mù gan-an, ṣùgbọ́n kì í jẹ láílọ́ọ̀nù rárá. Kí ló dé tí kò ju láílọ́ọ̀nù sínú ike rẹ̀ kí a rí i?

Epo pupa tó ti dì, èérún àmàlà àti láílọ́ọ̀nù ìyọ̀ ló dí ṣíńkì tèmi. Mo da oògùn náà sí i gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ní kí n dà á. Epo àti sódà pàdé, wọ́n di ọṣẹ, ọṣẹ náà sì le gbagidi sí ibi tí páìpù ti tẹ̀. Sódà tún máa ń mú omi gbóná gan-an, nígbà tó jẹ́ pé páìpù PVC tí a ń lò nílé kò fẹ́ ohun tó gbóná ju nǹkan bí 60°C lọ. Páìpù mi rọ̀, ó wọ́, oríkèé rẹ̀ ṣí, omi ìdọ̀tí sì ya sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kó ìrẹsì ọdún Iléyá sí. Gbogbo ìrẹsì yẹn ni mo dà nù!

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí n kò pe púlọ́ńbà. Mo pè é. Ajàṣẹ́ ni ó wà, kò sì lè tètè dé, bẹ́ẹ̀ ni àlejò ti wà lọ́nà. Ó dùn mí pé n kò bèèrè ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún ìyá ọlọ́mọ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí mo padà tọ̀ ọ́ lọ, kò tilẹ̀ tijú. Òmíràn "tó lágbára jù" ni ó tún fẹ́ tà fún mi. Ásíìdì ni! Ọmọ mi ló kígbe pé bí ásíìdì bá bá sódà nínú páìpù, yóò ta sókè sí èèyàn lójú, àti pé bí ó bá pàdé Hypo, afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde. Ó fẹ́ fọ́ mi lójú nítorí owó! Láti ìgbà náà, n kò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta kẹ́míkà gbọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù onídígí.

Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà onígi ti omi náà dáadáa. Bí kò bá lọ, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ṣíńkì, kí ẹ fi ọwọ́ tú páìpù tó tẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí sábà máa ń jókòó sí. Wáyà sípíríǹgì tí a ń tì bọ inú páìpù ló kàn. Bí ó bá jẹ́ pé omi kò lọ mọ́ ní bálùwẹ̀, ní ilé ìgbẹ́ olómi àti ní ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ wo sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń lọ, oògùn kankan kò lè ṣe é. Ẹni tí irú omi yìí bá sì ti ta sí lára, kí ó bọ́ aṣọ tó kàn, kí ó máa da omi tútù sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ó má fi epo tàbí ọṣẹ pa á, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù.